Let, Allow, Permit: Ọwọ́ Ta Ni Àyè Wà?

Ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì la gbé dé, pàápàá àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tọrọ àyè àti èyí tí wọ́n fi ń fúnni láyè.

Ẹ gbọ́ gbólóhùn kan tó wọ́pọ̀ nínú lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ wa: "I humbly request that you permit me to be absent from duty on Friday." Kò sí àṣìṣe gírámà kankan níbẹ̀. Ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀gá á buwọ́ lù ú, ó parí. Ṣùgbọ́n ká ní nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ọ̀gá tí gbogbo wọn ń fi orúkọ àbísọ pè, tó máa ń bá wọn mu tíì nígbà ìsinmi. Ọ̀gá náà á tún ọ̀rọ̀ yìí kà. Á máa rò ó pé kí ló dé tí ẹni yìí ń bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé òun lọ sílé ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ fún un. Ohun tí ì bá kọ kò ju "Would it be all right if I took Friday off?" lọ, ọ̀rọ̀ ì bá sì yanjú.

Ibo gan-an ni ọ̀wọ̀ náà ti ṣìnà? Ohun tí mo bá wá nìyẹn lónìí. Nínú èdè tiwa, arọ́pò-orúkọ ló ń ru ọ̀wọ̀. "Jẹ́ kí n kọjá" là ń sọ fún ẹgbẹ́ ẹni. "Ẹ jẹ́ kí n kọjá" là ń sọ fún àgbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà rárá. "Ẹ" kan ṣoṣo yẹn ló bá wa kúnlẹ̀. Òyìnbó kò ní "ẹ". "You" ni wọ́n ń pe ọmọ ọwọ́, "you" náà ni wọ́n ń pe olórí ìjọba. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá wá wọ inú èdè yẹn tí kò rí ibi tó máa gbé ọ̀wọ̀ rẹ̀ sí, orí ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń gbé e lé. Èyí tó bá wúwo jù, tó dún bíi ti lọ́yà jù, òun ló máa mú, torí ó rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe tóbi tó ni ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí let, allow àti permit ń sọ nínú Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé èèyàn kan ni, ṣé ìlànà ilé-iṣẹ́ ni, àbí òfin ìlú. Ọ̀wọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wọlé. Inú would àti could ló ń gbà, inú please, àti bí ẹ bá ṣe yí gbólóhùn náà sí ìbéèrè.

Kì í kúkú ṣe pé a ò mọ àyè gbà. Yorùbá dé ẹnu-ọ̀nà, ó ní "àgò o". Ará ilé dá a lóhùn, "àgò yà". Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé ọ̀rọ̀ yìí sọdá òkun, kò sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Títí dòní, "agô" ni àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ní Brazil fi ń tọrọ àyè, ó sì wà lẹ́nu àwọn ọlọ́rìṣà Cuba bákan náà. Ẹni tó ti ní irú àṣà yìí nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò bá rí i lò dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ìwà ló kù ún kù. Ọ̀rọ̀ lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú let. Ọmọ onílẹ̀ ni nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti wà lẹ́nu wọn kí àwọn ará Normandy tó wá gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1066. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. "My father let me drive the car." Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbà, kò dí ọmọ lọ́wọ́. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí òǹtẹ̀. Let jọ "jẹ́ kí" tiwa gan-an, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀. "Please let me know" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àrífín. Ẹ lè kọ ọ́ sí ọ̀gá pátápátá, kò sí ẹni tó máa wò yín bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

Allow bá èdè Faransé àwọn ará Normandy yẹn wọlé. Ó wà láàárín. Ẹ lè lò ó nílé, ẹ lè lò ó ní ọ́fíìsì, kò ní ṣàjèjì níbì kankan. Bí ọkàn yín bá ń ṣe iyèméjì, òun ni kí ẹ mú. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbì kan: "The school allows phones in the hostel on Saturdays." Kì í ṣe tíṣà kan ló dá a pinnu, ìlànà ibẹ̀ nìyẹn.

Permit ní tiẹ̀, èdè Látìn ló ti ṣẹ̀ wá, ìwé àti òǹtẹ̀ ló sì máa ń bá rìn. Ẹ wo ibi tí a ti ń pàdé rẹ̀: work permit tí àwọn èèyàn wa ń wá kiri nílẹ̀ òkèèrè, learner's permit ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, planning permit tí ẹni tó fẹ́ kọ́lé l'Ékòó gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ LASPPPA. Permit gan-an wà nínú orúkọ àjọ yẹn: Lagos State Physical Planning Permit Authority. Ẹni tó bá ti rí ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ "Stop Work" sára ògiri ilé tí kò níwèé ti mọ irú agbára tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá wá sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé "permit me to use your charger", ẹ ti sọ ọ̀rẹ́ yín di ìjọba. Ó lè gbà fún yín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á fà sẹ́yìn díẹ̀.

Ibì kan wà tí permit ti di tiwa pátápátá, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Níbi ìnáwó ni. "Permit me to stand on existing protocol." "Time will not permit me to mention everybody." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò retí kí ẹnikẹ́ni dáhùn pé a ti gbà fún ọ. Ìjúbà ni. Yorùbá kì í dédé la ẹnu láwùjọ láìjúbà, a sì ti rí ibi tí a máa gbé ìbà wa sí nínú èdè àlejò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀, torí ayẹyẹ ni, ọ̀rọ̀ ayẹyẹ ló sì yẹ ẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé ká fi í sílẹ̀ síbi gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ká má máa gbé e wọ inú ọ̀rọ̀ tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp.

Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n náà ṣe pàtàkì. Let kì í fẹ́ "to" lẹ́yìn: "let him go." Allow àti permit ń fẹ́ ẹ: "allow him to go", "permit him to go." Àwa a máa yí i po, a ní "allow me go", a tún ní "they didn't let me to enter." Bí ẹ kò bá sì fẹ́ dárúkọ ẹni tó fún yín láyè, ẹ fi let sílẹ̀, "I was allowed to enter" ni, "I was let to enter" kò sí. Àti allowance: owó ni, kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Àwọn agùnbánirọ̀ tó ń retí allawee wọn lóṣooṣù mọ ìyẹn dáadáa. Nítorí náà, ẹ má kọ "I seek your allowance" sí ẹnikẹ́ni; permission lẹ ń wá.

"Allowed" yẹn, mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ọ. Ẹ dé ẹnu géètì tàbí ojú wíńdò ọ́fíìsì kan, wọ́n ní "It is not allowed." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé òfin ni, ṣé màdámù tó wà lókè ni, àbí ẹni tó dúró síwájú yín ni kò fẹ́ dìde lórí àga? Gbólóhùn náà ti fi ẹni tó ni àṣẹ pamọ́. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀: "wọn ò gbà á láyè níbí." Ta ni "wọn"? Ẹ má pariwo, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Please, who can I ask about it?" Ìbéèrè yìí kì í bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹbí ọ̀rọ̀ yìí ni leave. Gbogbo wa la mọ leave tó túmọ̀ sí kéèyàn kúrò níbì kan. Ẹ wá lọ bá àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní London: ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ti forí ṣe, fọrùn ṣe láti gbà ni "leave to remain". Ẹni tó bá tú u bó ṣe dún létí, "kúrò kí o lè dúró" ló máa gbọ́, kò sì ní yé e. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ìró wọn di ọ̀kan ni. Leave kejì yìí ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́tipẹ́ kí permit tó dé, ìyọ̀ǹda ló sì túmọ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú òfin ìwọ̀lú ilẹ̀ Britain ti ọdún 1971, Immigration Act, ló ti hàn gbangba: ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ wọlé àfi tí wọ́n bá fún un ní leave. Nítorí náà, leave to enter ni ìyọ̀ǹda láti wọ̀lú, leave to remain ni ìyọ̀ǹda láti máa gbé ìlú, indefinite leave to remain sì ni èyí tí kò ní gbèdéke ọjọ́. Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ tí ìdílé kan ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìwé àwọn ti jáde, òun ni wọ́n sábà máa ń sọ.

Leave kan náà ni òṣìṣẹ́ ń gbà nílé. "Mo wà lórí leave" wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́, a sì rò pé ìsinmi ló túmọ̀ sí. Ìyọ̀ǹda láti má wá síbi iṣẹ́ ni. Ìsinmi kàn bọ́ sínú rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí sick leave fi wà fún ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó sinmi. Ìyá ọlọ́mọ tuntun tó wà ní maternity leave, tó ń fọ aṣọ ọmọ, tó ń jí lóru nígbà gbogbo, ìsinmi wo ló wà níbẹ̀? Síbẹ̀, leave ló wà. Ẹ tún lọ sí kóòtù. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 pín ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́nà méjì: èyí tí ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè gbé lọ síwájú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀, tí kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti èyí tó ní láti kọ́kọ́ gba leave. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìyọ̀ǹda ni leave lè jókòó ti lọ́yà rẹ̀, kó máa rò pé wọ́n ní kí òun fi ẹjọ́ òun sílẹ̀ ni. Owó rẹ̀ wà níbẹ̀, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré yìí sì ń yí i lórí.

Àwọn tó lọ sí ilé ìwé bọ́dìn náà ní tiwọn: exeat, ìwé ìyọ̀ǹda láti jáde. Látìn ni, "kí ó jáde". Ọmọ tó mú un lọ́wọ́ kò ní wàhálà pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ géètì.

Ó ku can àti may. "Lè" tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: "mo lè gbé e", ti agbára, "ṣé mo lè wọlé?", ti àyè. Nítorí náà, can ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ọmọ wa, àwọn tíṣà kan á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú kíláàsì títí omijé á fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bẹ àwọn tíṣà tó ń gbọ́ mi. Can fún títọrọ àyè ti di ohun tí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà. May ló ṣì yẹ ìwé ìdánwò àti lẹ́tà tó ní agbára. Ẹ kọ́ ọmọ ní méjèèjì, ẹ fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé hàn án, kí ẹ má fi ìtìjú kọ́ ọ.

Ẹ tún fetí sí ẹni tó máa ń sọ "you may". Pásítọ̀ ni: "You may now kiss the bride." Ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò ni: "You may start now." Adájọ́ ni: "You may be seated." Ẹni tó ń sọ "may I" rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó sọ "you may" ti gun orí pèpéle. Ibí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé láìmọ̀. Ọ̀gá wọ inú yàrá, ó wo àga, ó ní "May I?" Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un dìde nílẹ̀ wéré, ó sì dáhùn pé "Yes sir, you may sit down." Ìdìde rẹ̀ ti bọ̀wọ̀, ẹnu rẹ̀ ti fún àgbà láṣẹ. Nínú Yorùbá, kò sẹ́ni tó máa dáhùn pé "mo yọ̀ǹda fún yín, sà." "Ẹ jókòó, sà" la máa sọ. Gẹ̀ẹ́sì náà rí bẹ́ẹ̀: "Please, sit down, sir." Tàbí "Please do." Bí àgbà bá tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọdé, ọmọdé kì í gba oyè náà, ó ń dá a padà fún un ni. Bó sì jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni ló béèrè, "Sure, go ahead" ti tó.

Ìbéèrè kan wà tí ìdáhùn rẹ̀ ń kó wa sí wàhálà: "Would you mind if I opened the window?" Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ "Yes" tayọ̀tayọ̀, ẹni tó béèrè á sì rọra jókòó padà. Ohun tó béèrè ni bóyá ó máa dùn yín. "No, not at all" lẹ fi ń fún un láyè.

Ọ̀rọ̀ consent ni mo fẹ́ fi gbogbo àkókò tó kù sọ. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ mọ Governor's Consent. Land Use Act ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa bá aráàlú tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní C of O, ìyẹn Certificate of Occupancy, tó sì fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba consent lọ́wọ́ rẹ̀. Consent yàtọ̀ sí permit. Ẹni tí nǹkan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tàbí tí nǹkan yóò kàn lára, ló ń fúnni ní consent. Ẹ wá fi èyí sọ́kàn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín. Nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù kan wá, consent form ló wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí bírò, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà pé ó gbà fún àwọn. Ó ń dùn mí wọra. Lórí ìwé yẹn, dókítà ni ẹni tó ń tọrọ. Ẹ̀yin lẹ ni ara, ẹ̀yin lẹ ń fúnni láyè, àyè náà kò sì kúrò lọ́wọ́ yín, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti buwọ́ lùwé.

Òfin ìlera ilẹ̀ wa, National Health Act ti 2014, ní kí àwọn oníṣègùn ṣàlàyé àìsàn náà fún aláìsàn, àti àwọn ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, iye owó wọn, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ó tún ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó yé e, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹ má kánjú mú bírò. Ẹ má sọ "Permit me to ask, doctor," bí ẹni pé ẹ ń yọ dókítà lẹ́nu. Ẹ sọ pé: "Before I sign, could you explain the risks to me?" Could yẹn ti bọ̀wọ̀ tó. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá ló yé yín jù, ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé, bí òun kò bá sì gbọ́ ọ, kí wọ́n pe ẹni tó gbọ́ ọ wá.